Ojú Tí Ń Wo Iṣẹ́ Ọlọ́hun: Ọ̀rọ̀ fún Ọ̀dọ́ Tí Ń Gbé Kámẹ́rà Lọ Sóko

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí ó dá ojú fún wa, tí ó sì dá ohun tí ojú yóò máa wò. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti gbogbo sàhábà rẹ̀.



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, ẹjọ́ ni ó bí i, àwa gan-an ni a sì jẹ̀bi ẹjọ́ náà. Arákùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí ó ń ṣiṣẹ́ wáyà iná láti ọjọ́ Ajé títí dé Jímọ̀. Bí ó bá di Sátidé, kì í bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wo bọ́ọ̀lù. Kámẹ́rà ni yóò gbé kọ́ èjìká, yóò wọ ọkọ̀ ní Mọ́níyà, yóò gba ọ̀nà Ìjàyè lọ, yóò sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ó bá wù ú, yóò sì máa fi ẹsẹ̀ gba ọ̀nà oko kiri títí oòrùn yóò fi fẹ́ wọ̀. Ẹyẹ ni ó ń yà, àti àpáta, àti ìrì lórí ewé gbágùúdá. Kò sí ẹni tí ń sanwó fún un. Àwọn ará ilé rẹ̀ tilẹ̀ ń rò pé orí rẹ̀ fẹ́ dàrú.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, níbi àsàlátù, ẹnìkan bèèrè lọ́wọ́ wa pé kí ni ìdájọ́ àwòrán yíyà nínú ẹ̀sìn. A sọ hádíìsì tí ó dá lórí ìyà àwọn tí ń ya àwòrán, a sì gbé ohùn sókè. Bí a ti ń sọ̀rọ̀ ni ojú wa ń lọ síbi tí arákùnrin yìí jókòó sí, ojú gbogbo àwùjọ sì tẹ̀lé ojú wa. A kò dárúkọ rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀? Ọ̀sẹ̀ kejì, kò wá. Ọ̀sẹ̀ kẹta, kò wá. Oṣù mẹ́rin gbáko ni a kò rí i ní àsàlátù, a sì ń tan ara wa jẹ pé òtítọ́ ni ó korò lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí ọkàn wa kò jẹ́ kí a gbádùn mọ́, a lọ bá a nílé. Kò bú wa. Ó gbé àga fún wa, ó bu omi fún wa, ó wá ní, "Àfáà, ẹ má bínú o, ẹ ò tíì rí ẹyọ kan nínú ohun tí mò ń yà." Ọ̀rọ̀ náà gún wa. Ẹni tí ó dá ẹjọ́ láìwo ohun tí ó wà níwájú rẹ̀, kí ni orúkọ tí à ń pè é? A ní kí ó mú wa dání ní Sátidé tí ń bọ̀. Ohun tí a rí lọ́jọ́ náà, àti ohun tí a padà lọ yẹ̀ wò nínú ìwé, ni a kó wá fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ parí ti ìdájọ́, nítorí a mọ̀ pé ibẹ̀ ni àwọn kan nínú yín dúró sí tí ẹ ń retí wa. Hádíìsì tí ó kìlọ̀ fún àwọn tí ń ya àwòrán wà nínú Bùhárì àti Múslímù. Ó fi ẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rín gbá a dànù. Ṣùgbọ́n inú ìwé méjèèjì yìí kan náà ni a ti rí ìtàn ọkùnrin kan tí ó wá bá Abdullāhi ọmọ Abbās, tí ó ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ni òun ń jẹ, àwòrán ni òun ń yà. Ibn Abbās sọ hádíìsì náà fún un. Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà, ojú rẹ̀ yí padà. Ni Ibn Abbās bá là á lọ́yẹ pé bí kò bá lè ṣe kí ó má yà, kí ó máa ya igi, kí ó máa ya ohun tí kò ní ẹ̀mí. Ẹ kíyè sí i pé sàhábà yìí kò dá ọkùnrin náà lẹ́bi kí ó sì kọ ẹ̀yìn sí i. Ó wá ọ̀nà fún un. Àwa tí a pariwo ní àsàlátù kò wá ọ̀nà kankan fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, àpáta, odò, ìkùukùu, igi ìrókò tí ó dá dúró láàrin oko, kò sí ìjà nínú yíya gbogbo ìwọ̀nyí.

Ti ohun ẹlẹ́mìí ni ẹnu àwọn onímọ̀ kò ti kò. Shaykh Muhammad Bakhīt al-Mutī'ī, tí ó jẹ́ Múfútì ilẹ̀ Íjíbítì láti 1914 sí 1920, kọ ìwé lórí fọ́tò. Ó ní kámẹ́rà kò dá nǹkan kan. Òjìji tí Ọlọ́hun ti dá ni ó kàn mú dúró, bí dígí ṣe ń gbé ojú ẹni fún ẹni. Shaykh Abdul-Azīz Ibn Bāz ti ilẹ̀ Saudi, tí ó kú ní 1999, kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, hádíìsì náà kan fọ́tò ohun ẹlẹ́mìí pẹ̀lú, àfi níbi tí ó bá ti di dandan. Òkè ìmọ̀ ni àwọn méjèèjì. Ọ̀dọ̀ al-Mutī'ī ni ọkàn tiwa fì sí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá di ti Ibn Bāz mú nítorí ìbẹ̀rù Ọlọ́hun, ẹ má ṣe pè é ní aláìlajú. Kí òun náà má sì pe ẹnì kejì rẹ̀ ní ọmọ iná. (Àwa tí ohùn wa ga jù lọ́jọ́ náà, fọ́tò wa wà lára káàdì ìbò, ó sì wà lára ògiri pálọ̀ wa pẹ̀lú láwàní ọjọ́ wọ̀límọ̀.)

Àwọn kan á tún ní ohun òyìnbó ni kámẹ́rà. Ẹ dákun, ẹ lọ bèèrè ìtàn al-Hasan Ibn al-Haytham. Ìlú Basra ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí 965, ìlú Kairo ni ó sì gbé ṣe èyí tí ó lókìkí jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, tí ó fi kú ní nǹkan bí 1040. Ṣáájú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n ayé gbà pé inú ojú ni ìtànṣán ti ń jáde lọ bá ohun tí à ń wò. Nínú ìwé rẹ̀ tí ń jẹ́ Kitābul-Manāzir, ó fi hàn pé láti ara ohun náà ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá bá ojú. Ó sì wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe máa ń gba ihò kékeré wọ yàrá òkùnkùn, tí yóò gbé àwòrán ohun tí ó wà níta ka ara ògiri. Yàrá òkùnkùn yẹn ni bàbá ńlá kámẹ́rà tí ó wà nínú fóònù yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, 2006, ẹ óò rántí àárọ̀ tí òṣùpá bo oòrùn. Ọmọ kéwú ni àwa nígbà náà. Bí àwọn àgbà ti ń tò fún ìrun Kúsúfì, àwa ọmọdé wo ilẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, a rí i pé àwọn àmì ìmọ́lẹ̀ tí ń gba àárín ewé bọ́ sílẹ̀, tí wọ́n máa ń rí róbótó, ti dà bí oṣù tuntun. Oṣù tuntun lọ jàra lórí yẹ̀pẹ̀! A ní àlùjànnú ni, a sá wọlé. Ó di ìgbà tí a dé yunifásítì kí a tó mọ̀ pé Ibn al-Haytham ti kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, pé gbogbo ihò kékeré ni ó ń ya fọ́tò oòrùn. Mùsùlùmí ni ó wo ilẹ̀ tí ó sì ronú. Àwa Mùsùlùmí ni a wo ilẹ̀ tí a sì sá.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sọ́nà oko. Ní Sátidé náà, ìrun Súbùhì ni a kí ní mọ́sálásí kan ní Mọ́níyà, níbi tí rélùwéè Èkó ń dé láti 2021. Àsìkò ọyẹ́ ni. Arákùnrin wa ti wà ní sáàfù iwájú kí àwa tó dé, a sì fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé a kò mọ̀ pé ayàwòrán náà ń tètè jí. Ó ní láti ìgbà tí òun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, Súbùhì ọjọ́ Sátidé kò bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́ rí. Ìmọ́lẹ̀ tí ó dára jù fún ohun tí òun ń yà, ìgbà tí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni ó máa ń wà: ó rọ̀, ẹ̀gbẹ́ ni ó ti ń wá, ó sì ń jẹ́ kí gbogbo ohun tí ó wà nílẹ̀ ní òjìji. Bí ó bá fi máa di aago mẹ́wàá, oòrùn ti le, ó ti pa ojú nǹkan dé. Kò tún sí ìmọ́lẹ̀ gidi mọ́ àfi lẹ́yìn Àsárì títí di ìgbà tí Mọ̀gàríbì bá kù díẹ̀. "Àfáà," ó ní, "ìmọ́lẹ̀ tí mò ń wá, ẹ̀gbẹ́ ìrun ló ń gbé." A kò rí èsì fọ̀.

Kí a tó wọ ọkọ̀, ó nawọ́ sí apá ibi tí igbó IITA wà, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967 lórí ilẹ̀ tí ó tó 1,000 hẹ́kítà. Ó ní igbó tí wọ́n dá sí níbẹ̀ wà lára ibi díẹ̀ tí ènìyàn ti lè rí ẹyẹ kan tí kò sí níbikíbi láyé àfi ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà wa yìí. Malimbus ibadanensis ni wọ́n ń pè é nínú ìwé, orúkọ Ìbàdàn ni wọ́n fi sọ ọ́. J. H. Elgood, tí ó ń kọ́ni ní yunifásítì Ìbàdàn, ni ó kọ̀wé nípa rẹ̀ fún ayé gbọ́ ní 1958. Ẹbí ẹ̀gà ni, orí akọ rẹ̀ pupa bẹ́lẹ́jẹ́, ara rẹ̀ dúdú, ó sì mọ ìtẹ́ hun. Igbó tí à ń gé lójoojúmọ́ ni ó sọ ọ́ di ẹyẹ tí ó fẹ́ pa rẹ́. Ọdún méjì ni arákùnrin yìí ti ń wá a, kò tíì rí i. A bi í léèrè bóyá kò sú u. Ó ní, "Ẹni tó dá a mọ ibi tó wà."

Ẹ gbọ́ ohun tí ó sọ sí wa lọ́kàn. A há Sūratul-Mulk sórí láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, a sì máa ń kà á kí a tó sùn. Ní àáyà 19, Ọlọ́hun ń bi wá léèrè pé ṣé a kò wo àwọn ẹyẹ lókè orí wa ni, bí wọ́n ṣe ń na ìyẹ́ tí wọ́n sì ń pa á dé, tí kò sí ẹni tí ó gbé wọn dúró bí kò ṣe Òun. Ìbéèrè ni o, ìbéèrè a sì máa fẹ́ èsì. Ó ti lé ní ogún ọdún tí a ti ń ka ìbéèrè yìí padà fún Ẹni tí ó bi wá, a kò sì gbé orí sókè wo ẹyẹ kan rí. Oníṣẹ́ wáyà tí a lé kúrò ní àsàlátù ni ó ń wá èsì rẹ̀ kiri inú igbó. Ní ìparí Sūratu Yūsuf, ní àáyà 105, Ọlọ́hun sọ nípa àwọn tí ń kọjá lára àmì Rẹ̀ ní sánmọ̀ àti ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé ojú kúrò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti fi àáyà yìí ṣe wáàsí fún àwọn aláìgbàgbọ́. Lójú ọ̀nà Ìjàyè, inú ọkọ̀ akérò, ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ bí ìgbà tí wọ́n ń bá wa wí.

Ìjàyè tí a ń sọ yìí, àwọn ọ̀dọ́ mìíràn rò pé abúlé ẹlẹ́lùbọ́ lásán ni. Lábẹ́ Kúrunmí, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò, ó wà lára àwọn ìlú tí ó lágbára jù ní ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, tí wọ́n fi Adélù ọmọ rẹ̀ sórí oyè, Kúrunmí ní kò bá àṣà mu, òun kò ní tẹrí ba fún un. Ogun bẹ́ láàrin Ìjàyè àti Ìbàdàn ní 1860. Àwọn Ẹ̀gbá wá ran Ìjàyè lọ́wọ́, ebi pa ìlú náà kọjá ààlà, Kúrunmí kú ní 1861, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹta 1862, Ìjàyè fọ́. Lónìí gbágùúdá ni ó pọ̀ lórí ilẹ̀ náà. Arákùnrin wa lóṣòó lẹ́bàá poro kan, ó ń ya nǹkan tí a rò pé òkúta ni. Àpáàdì ni, ẹnu ìkòkò àtijọ́ tí ọkọ́ àgbẹ̀ hú jáde. Ó dúró kí oòrùn tó gé e ní ẹ̀gbẹ́, kí fínfín tí amọ̀kòkò fi ọwọ́ ṣe sí i lára tó hàn. Ó dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwa fi jókòó. Nínú Sūratur-Rūm, àáyà 42, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé kí á rìn lórí ilẹ̀ kí á wo bí ìgbẹ̀yìn àwọn tí ó ṣáájú ti rí. A ti ń ṣe ìtumọ̀ rẹ̀ fún àwọn ọmọ kéwú pé Ād àti Thamūd ni ó ń bá wí. A kò rò ó rí pé a lè wọ ọkọ̀ láti Mọ́níyà lọ síbi tí ìgbẹ̀yìn ìlú kan wà lórí poro.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ó wo òjìji ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ó ní, "Àfáà, oòrùn ti yẹ̀. Àílà ti wọlé." A yọ fóònù wa wò, òótọ́ ni. Ìwé Málíkì tí àwa ń kọ́ ọmọ sọ fún wa pé ìgbà tí oòrùn bá yẹ̀ kúrò ní àárín sánmọ̀ ni Àílà wọlé, àti pé ìgbà tí òjìji nǹkan bá tó nǹkan náà ní gígùn, yàtọ̀ sí òjìji ọ̀sán gangan, ni Àsárì wọlé. A mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Àwòrán yíyà ni ó kọ́ ọ ní ojú rẹ̀. Omi inú kẹ́ẹ̀gì ni a fi ṣe àlùwàlá, òun ni ó pe ìrun, a sì kí i lórí àpáta ní rákà mẹ́rin. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin tí ẹ bá ń rìn irú ìrìn yìí: láti Mọ́níyà sí Ìjàyè kò tó ìdajì ọ̀nà tí ènìyàn lè torí rẹ̀ gé ìrun kúrú, nítorí nǹkan bí 80 kìlómítà ni àwọn onímọ̀ Málíkì ń kà á sí. Ẹ má ṣe fi ìfẹ́ fọ́tò gé ìrun Ọlọ́hun.

Ibi tí ó kù yìí, ìtìjú ni fún wa, ṣùgbọ́n a ó sọ ọ́. Àpáta náà ga, atẹ́gùn ọyẹ́ ń fẹ́ agbádá wa, a sì rò pé yóò dára bí a bá ní fọ́tò kan níbẹ̀. A ní kí ó yà wá. Ó yà wá. A ní fìlà wa tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ó tún un yà. Ó tún un yà. A ní kí ó yà wá bí ẹni tí ń wo ọ̀nà jíjìn tí kò mọ̀ pé wọ́n ń ya òun. Ó yà á, kò sọ nǹkan kan. Ìgbà tí a délé, tí a fẹ́ gbé e sórí fóònù fún gbogbo ayé rí, tí a ti wá àáyà tí a fẹ́ kọ sí abẹ́ rẹ̀, ni a tó mọ ohun tí à ń ṣe. Ṣekárími pọ́ńbélé! Ẹni tí ó ń ya ẹyẹ kò sí nínú fọ́tò rẹ̀ kankan. Àwa tí a wá ṣọ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni a fẹ́ fi òkè Ọlọ́hun ṣe àga ìjókòó fún ara wa.

Nígbà tí a ń padà bọ̀ lẹ́yìn Àsárì ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà wá dé orí kókó. A dé ibi tí ìyá kan ti ń yan gàrí lábẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ. Oòrùn ń gba àárín imọ̀ wọlé, ó gún èéfín ní ọ̀já ọ̀já, ìyá náà wà láàrin rẹ̀. Lóòótọ́ ni ó lẹ́wà. Arákùnrin wa kò tíì kí i tí ó fi gbé kámẹ́rà sójú láti ẹ̀yìn igi, ó tẹ̀ ẹ́. Ọmọdé kan rí i, ó kígbe. Ìyá náà yíjú, ó fi ọwọ́ bo orí. Ooru ti mú kí ó tú gèlè rẹ̀ sílẹ̀.

"Ta ló ní kí o yà mí?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Nǹkan tó dáa ni mo fẹ́ fi ṣe."

"O ò kí mi. O ò bi mí. Orí mi wà lásán. Ṣé ojú mi wá di ojú ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà kọjá ni?"

Ẹ̀yin ará, àwa Àfáà ni a la ẹnu láti gbèjà rẹ̀! A ní, "Ìyá, ìta gbangba kúkú ni." Bí ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu wa ni hádíìsì àwọn tí ń jókòó sẹ́bàá ọ̀nà bọ́ sí wa lọ́kàn. Nígbà tí Ànábì, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, kọ̀ fún àwọn sàhábà láti máa jókòó sójú ọ̀nà, tí wọ́n ní àwọn kò lè ṣe kí àwọn má jókòó, ó ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fún ọ̀nà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ó sì kà nínú ẹ̀tọ́ náà ni kí wọ́n rẹ ojú wọn sílẹ̀. Ọ̀nà, ìta gbangba náà ni. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tọ́ ti wà. Sálámà wà nínú ẹ̀tọ́ ọ̀nà náà pẹ̀lú, àwa méjèèjì kò sì kí ìyá náà.

Arákùnrin wa ṣe ohun tí àwa kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá náà, ó tan kámẹ́rà, ó fi fọ́tò náà hàn án, ó sì pa á rẹ́ lójú rẹ̀. Ìyá náà wò ó pẹ́, ó ní, "Ó dáa. Ẹ máa lọ, Ọlọ́hun á sọ́ yín." Kò sọ pé kí ó ya òun ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, arákùnrin wa kò sì tọrọ rẹ̀. Títí di òní ni ó ń sọ pé òun kò tíì ya irú fọ́tò yẹn mọ́. A gbà á gbọ́. A rí i pẹ̀lú ojú wa kí ó tó parẹ́.

Ẹ jẹ́ kí ìyá yìí wà ní ọkàn yín nígbà tí ẹ bá gbé fóònù sókè. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń ya àwọn arábìnrin níbi nikáhì àti wọ̀límọ̀, tí ẹ ń gbé e sáyé kí wọ́n tó délé, nínú Sūratun-Nūr ni Ọlọ́hun ti kọ́kọ́ pàṣẹ fún àwọn ọkùnrin pé kí wọ́n rẹ ojú sílẹ̀, kí ó tó kan àwọn obìnrin. Lẹ́ńsì tí ó lè fa ohun tí ó jìnnà mọ́ra kò sọ ojú yín di ojú ẹlòmíràn. Ẹ bèèrè. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ dúpẹ́ kí ẹ máa lọ.

Ohun tí kò sí nínú òkè, ẹ má fi kọ̀ǹpútà gbé e síbẹ̀ kí ẹ tó sọ fún wa pé báyìí ni Ọlọ́hun dá a. Ẹni tí ó gé sánmọ̀ ibòmíràn lẹ̀ mọ́ orí àpáta Ìjàyè ti purọ́ mọ́ Ìjàyè. Bí ẹ bá rí ìtẹ́ ẹyẹ, ẹ má ṣe fọwọ́ yẹ ewé tí ó bò ó kí ẹ lè ríran. Abū Dāwūd gbà á wá pé nígbà tí àwọn sàhábà kó ọmọ ẹyẹ kan, tí ìyá wọn ń na apá yí wọn ká, Ànábì bèèrè ẹni tí ó fi ọmọ rẹ̀ dà á láàmú, ó sì ní kí wọ́n dá wọn padà.

Ẹ má ṣe dá lọ. Ìgbà tí a wà yìí, ojú ọ̀nà oko kò rí bíi ti àtijọ́, àwọn ajínigbé wà. Ẹ lọ ní ẹni mẹ́ta ó kéré tán, kí ilé mọ ibi tí ẹ wà, kí ẹ kọ́kọ́ yà kí baálẹ̀ kí ẹ tó wọ oko olóko. Ẹ má ṣe gbé kámẹ́rà sókè níbi tí ọlọ́pàá tàbí ṣójà bá wà. Ẹ̀yin arábìnrin tí ẹ ti ń bi wá léèrè nípa ìwé, kò sí àáyà tí ó sọ pé ọkùnrin nìkan ni kí ó wo òkè. Ẹ kó ara yín jọ, ẹ gba àṣẹ nílé, ẹ tètè padà kí Mọ̀gàríbì tó bá yín lọ́nà.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e, a dìde ní àsàlátù, ibi tí a ti dójú ti arákùnrin yìí gan-an. A sọ ohun tí a ṣe, a sọ ti Ibn Abbās tí a fi pamọ́ lọ́jọ́ kìn-ín-ní, a sì tọrọ àforíjì lójú gbogbo wọn. A kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó pẹ́ dé, ẹ̀yìn ni ó jókòó sí, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí. Nígbà tí a túká, ó wá bá wa, ó ní kí a wá wo nǹkan. Fọ́tò àpáàdì náà ni, ó ti tẹ̀ ẹ́ jáde sórí pépà. Fínfín ara rẹ̀ hàn ketekete, pẹ̀lú ibi kan tí amọ̀kòkò ti tẹ ìka mọ́ amọ̀ kí ó tó gbẹ.

Sátidé kejì nínú oṣù tí ń bọ̀, a óò tún lọ, bí Ọlọ́hun bá fẹ́. Ẹ pàdé wa ní Mọ́níyà fún ìrun Súbùhì. Ẹ mú omi dání, ẹ wọ bàtà tí ó bo ẹsẹ̀ nítorí ejò. Ẹni tí kò ní kámẹ́rà, kí ó máa bọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá elégàrí ni a óò kọ́kọ́ yà sí láti kí i, kámẹ́rà yóò sì wà nínú àpò títí a óò fi kúrò níbẹ̀.

Wa's-salāmu alaykum.